Ta Ló Jẹ Gbèsè Náà?

Òfin tó ń darí ìyánilówó ní Gúúsù Áfíríkà, èyí tí wọ́n ṣe ní 2005, fún ẹni tó yáwó ní ẹ̀tọ́ láti gba ìwé rẹ̀ ní èdè ìjọba tó bá gbọ́, níwọ̀n bó bá ti ṣeé ṣe tó. Èdè ìjọba 12 ló wà níbẹ̀ láti 2023 tí wọ́n ti fi èdè àwọn adití kún un. Yorùbá kò sí lára wọn. Nítorí náà, bí ìwé gbèsè káàdì bá dé ilé ọmọ Yorùbá ní Yeoville tàbí Rosettenville ní Johannesburg, tí Ìyá kò sì gbọ́ èdè agbẹjọ́rò, ọmọ ilé tàbí pásítọ̀ ló máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ tí onítọ̀hún bá yàn lè mú kí ẹbí san owó tí kò kàn wọ́n rárá.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ gbèsè wọ́n wa. A ní àwìn, èlé, ojú owó, ìdúró, ìwọ̀fà. Ṣùgbọ́n ayé tí a ti ń ka gbèsè ẹnì kan sí gbèsè agboolé ni púpọ̀ nínú wọn ti wá. Samuel Johnson ṣàlàyé ológò nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921: ẹni tí olówó bẹ̀ níṣẹ́ ni, á lọ jókòó sílé ológbèsè, á máa yọ òun àti gbogbo ará ilé lẹ́nu, á máa mú adìyẹ àti ẹran tó bá rí nínú ọgbà pa jẹ títí owó yóò fi jáde. Ìwọ̀fà ńkọ́? Ọmọ tàbí àbúrò ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ìwọ̀fà lórí owó tí àgbà yá. Ìwà yẹn ti kásẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ ó ṣì wà lẹ́nu wa. Ẹni tó ń sin gbèsè yóò pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù, ẹ̀gbọ́n á sì dáhùn pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù, a máa san án." Hùrùhẹ̀rẹ̀ kòkòrò tí ará ilé jẹ ló ń dà á láàmú.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ "gbèsè ẹbí" nínú ìtumọ̀ kankan. Ká kọ ọ́ gùn díẹ̀: gbèsè tí àbúrò yín jẹ lórí káàdì tirẹ̀. Òfin Gúúsù Áfíríkà kò mọ ẹ̀gbọ́n mọ́ ọn, àfi bí ẹ̀gbọ́n bá ṣe onídùúró. Ìdúró yìí gan-an gba àkíyèsí. Lẹ́nu wa, ẹni tó bá ní "mo dúró fún un" ti dúró nìyẹn, ìtìjú kò ní jẹ́ kó yí i padà. Ní Gúúsù Áfíríkà, òfin kan láti 1956 sọ pé ìdúró kò fẹsẹ̀ múlẹ̀ àfi tó bá wà nínú ìwé tí onídùúró fọwọ́ sí. Nítorí náà, "onídùúró tó fọwọ́ sí ìwé" ni kí á máa kọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ọ̀rọ̀ ìtùnú tí òun sọ lórí fóònù ti sọ òun di ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya yàtọ̀ o: àwọn tó bá fẹ́ra lábẹ́ àjọní dúkìá jọ ni gbèsè.

Bí ẹni tó ni káàdì bá kú, "ogún" ni ọ̀rọ̀ tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lẹ́nu, òun náà ló sì ń ṣini lọ́nà. Ogún jẹ́ ohun tó ti bọ́ sọ́wọ́ àrólé, a sì máa ń gbọ́ pé ẹnì kan jogún gbèsè bàbá rẹ̀. Ohun tí òfin ń sọ ni ẹrù òkú kí ẹnikẹ́ni tó pín in. Alákòóso tí ilé-iṣẹ́ Master ti Kóòtù Gíga bá yàn yóò kéde fún àwọn tí òkú jẹ lówó, yóò sì san án nínú ẹrù náà. Bí ẹrù kò bá tó o, àrólé kò ní fi owó àpò rẹ̀ dí i.

Kí olówó tó pe ológbèsè lẹ́jọ́, ìwé ìkìlọ̀ gbọ́dọ̀ ṣáájú, kí ọjọ́ iṣẹ́ 10 sì kọjá lórí rẹ̀. Ṣé kí a ní wọ́n "fi ránṣẹ́" ni, àbí ológbèsè "gbà á"? Kóòtù tó ń rí sí Òfin Ìpìlẹ̀, tó wà lórí Constitution Hill ní Johannesburg, ti yanjú èyí ní 2012 nínú ẹjọ́ Sebola àti Standard Bank. Ìwé tó yẹ kó lọ sí ilé-ìfìwéránṣẹ́ North Riding ti ṣìnà lọ sí Halfway House. Kóòtù ní fífi ránṣẹ́ nìkan kò tó: olówó gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìwé náà dé ilé-ìfìwéránṣẹ́ tó tọ́. Ṣùgbọ́n kò pọn dandan kó dé ọwọ́ ológbèsè, ẹjọ́ mìíràn ní 2014 sì jẹ́ kó yéni pé ẹni tó kọ̀ láti lọ gba ìwé tirẹ̀ láìnídìí kò lè fi ìyẹn ṣe àwáwí. "Dé" ni ọ̀rọ̀ tó bá a mu, pẹ̀lú ibi tó dé sí.

Ìwé ìpẹ̀jọ́ tó ń tẹ̀ lé ìkìlọ̀ kò ṣòro láti túmọ̀, a ti ń pè é bẹ́ẹ̀ nílé tipẹ́. Kí olùtumọ̀ ṣáà fi kún un pé ọjọ́ iṣẹ́ kóòtù 10 ni olùjẹ́jọ́ ní láti sọ pé òun yóò jà á, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọn á dá a lẹ́jọ́ lẹ́yìn.

Ní ti èlé, ọ̀rọ̀ wa ti wà nílẹ̀: sógundógójì. Òfin ní láti ọjọ́ tí ẹni tó yáwó bá ti yẹ àdéhùn, èlé àti gbogbo owó mìíràn tó bá gun orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ojú owó tó kù nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. R8,000 kò gbọdọ̀ kọjá R16,000. Ogún lè di ogójì, kò lè di ọgọ́ta.

Èyí tó le jù ni gbèsè tí ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀. Gbèsè káàdì tí wọn kò pe ẹjọ́ lé lórí fún ọdún 3 ń bọ́ lọ́wọ́ olówó, ṣùgbọ́n bí ológbèsè bá jẹ́wọ́ pé òun jẹ ẹ́ kí ọdún náà tó pé, kíkà yóò tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Bí kóòtù bá sì ti dájọ́, ó di ọdún 30. "Ẹ ní sùúrù, mo máa san án" láti ẹnu ẹni tó jẹ ẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ lásán ní ilẹ̀ yẹn. Ìjẹ́wọ́ ni.

Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń túmọ̀ ìwé fún àwọn àgbà nínú ìjọ àti nínú ẹgbẹ́: ẹ má fi iye owó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ka orúkọ ẹni tó jẹ ẹ́ síta, ẹ ka ọjọ́ tó yẹ àdéhùn, lẹ́yìn náà kí ẹ wo bóyá ẹnì kan fọwọ́ sí ìdúró.