Àwọ̀ Ara àti Ìfẹ́ Orílẹ̀-èdè nínú Ìbò Amẹ́ríkà ní 1968

Nígbà tí George Wallace du ipò gómìnà ìpínlẹ̀ Alabama ní 1958, John Patterson, tí ìkórìíra aláwọ̀ dúdú rẹ̀ hàn gbangba jù tirẹ̀ lọ, ni ó fìdí rẹ̀ rẹmi. Ẹ̀kọ́ burúkú ni Wallace kọ́ níbẹ̀. Ní 1963 tí ó di gómìnà, ó kéde pé ìpínyà dúdú àti funfun kò ní dópin. Ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà Yunifásítì Alabama kí akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú méjì má baà wọlé.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ó du ipò Ààrẹ ní 1968, ohùn yí padà. Kì í sáábà dárúkọ aláwọ̀ dúdú mọ́. Àsíá, òfin, àti àwọn tí ń tako ogun Vietnam ni ó ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Àṣamọ̀ ni, àwọn olùgbọ́ sì mọ ẹni tí ó ń bá wí. Nínú ọgọ́rùn-ún ìbò, ó gba 13.5, ìpínlẹ̀ márùn-ún ní Gúúsù ni ó mú, àwọn òṣìṣẹ́ funfun kan ní Àríwá náà sì dìbò fún un. Ìfẹ́ ìlú yìí ní ààlà: nígbà tí Ọ̀gágun Curtis LeMay, igbákejì rẹ̀, ní ìbẹ̀rù ohun ìjà átọ́mù ti pọ̀ jù lọ́kàn ará Amẹ́ríkà, jìnnìjìnnì bo ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Òfin 1965 ti ṣí ọ̀nà ìbò fún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ní 1982, lẹ́yìn tí Wallace ti tọrọ àforíjì, ìbò wọn wà lára èyí tí ó tún gbé e dé ipò gómìnà.