Gọ́ọ̀fù ní Tháílándì: Òfin Inú Ìwé àti Àṣà Orí Pápá

Lórí àwọn pápá gọ́ọ̀fù ilẹ̀ Tháílándì, tí iye wọn lé ní igba, oríṣi ìlànà mẹ́ta ni ẹni tí kò fi eré náà ṣiṣẹ́ jẹun ń bá pàdé láti ihò kìíní títí dé ìkejìdínlógún. Èkíní ni Òfin Gọ́ọ̀fù, tí àjọ R&A ní ìlú St Andrews ní Skọ́tílándì àti àjọ USGA ti Amẹ́ríkà jọ ń ṣe fún gbogbo ayé. Èkejì ni òfin abẹ́lé, ìyẹn àfikún tí ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso pápá kan tàbí ìdíje kan fọwọ́ sí nítorí bí ilẹ̀ wọn ṣe rí. Ẹ̀kẹta ni àṣà, tí ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n tí tọmọdé tàgbà ń tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn òṣèré kì í ṣe nítorí pé ẹnì kan fẹ́ rẹ́ ẹnì kejì jẹ. Ohun tó ń fà á ni pé àṣà ti pẹ́ lórí pápá tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi gbà pé òfin abẹ́lé ni.

Àwọn àjèjì ló gbé eré náà wọ Tháílándì. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣòwò igi tíìkì ní àríwá dá ẹgbẹ́ Chiangmai Gymkhana Club sílẹ̀ ní 1898. Ẹgbẹ́ Royal Bangkok Sports Club tẹ̀ lé e ní 1901, pápá gọ́ọ̀fù rẹ̀ sì wà nínú òbìrípo ojú ọ̀nà ìje ẹṣin. Ní 1924 ni wọ́n ṣí pápá Royal Hua Hin lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin ìlú Hua Hin. A. O. Robins, onímọ̀ ẹ̀rọ ojú irin láti Skọ́tílándì, ló ya àwòrán rẹ̀, òun sì ni a kà sí pápá àkọ́kọ́ tó kún ojú ìwọ̀n ní ilẹ̀ náà. Ìwé òfin tí àwọn àjèjì náà mú bá eré náà wá, tí ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní Leith ní 1744 pẹ̀lú ẹsẹ mẹ́tàlá péré, jẹ́ ìwé àwọn ará ilẹ̀ olótùútù, tí kò ro ti ilẹ̀ tí òjò ti ń rọ̀ fún bí oṣù mẹ́fà, tí adágún omi pọ̀ sí, tí oòrùn sì ń jóni.

Níbi kan, bí ilẹ̀ ṣe rí ti sọ òfin abẹ́lé di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Pápá Kantarat, tó jẹ́ ti àwọn ọmọ-ogun òfurufú Tháílándì, wà láàárín ọ̀nà méjì tí bàlúù ń gbà gbéra tó sì ń gbà balẹ̀ ní Don Mueang ní Bangkok. Bí iná pupa bá ti tàn níbẹ̀, òṣèré àti kádì rẹ̀, ìyẹn ẹni tó ń bá a gbé àpò, a dúró títí bàlúù yóò fi kọjá, a kò sì tíì gbọ́ pé ẹnì kan ní òun fẹ́ bá iná náà jiyàn.

Kádì gan-an ni òpó tí ọ̀rọ̀ yìí rọ̀ mọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ dandan ní gbogbo pápá Tháílándì pé kí òṣèré kọ̀ọ̀kan gba kádì, ẹni tó ń gbé tàbí tó ń ti àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù, tó sì ń gba òṣèré nímọ̀ràn. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, èyí tó yàtọ̀ sí Nàìjíríà níbi tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ti pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ náà. Aṣọ ẹgbẹ́jọdá tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀, apá rẹ̀ a gùn dé ọrùn ọwọ́, ọ̀pọ̀ wọn a sì fi aṣọ bo ojú nítorí oòrùn. Òṣèré a máa pe kádì ní nong, tó túmọ̀ sí àbúrò. Kádì a sì máa pe òṣèré tó bá jù ú lọ ní phi, ìyẹn ẹ̀gbọ́n, Yorùbá tó bá dúró tì wọ́n kò sì ní nílò kí a tú u fún òun. Owó ẹ̀bùn tí òṣèré ń fún un lẹ́yìn eré, tó sábà máa ń wà láàárín báàtì 300 sí 500, kò sí nínú òfin kankan, síbẹ̀ ẹni tí kò bá fún un ti ṣe ohun ìtìjú.

Ibi tí iṣẹ́ kádì yìí ti kọlu òfin àgbáyé ni gríìnì, ìyẹn àyíká ihò tí a gé koríko rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ́pẹ́. Àṣà wọn ni pé kádì ni yóò ṣàmì sí ibi tí bọ́ọ̀lù wà, tí yóò gbé e, tí yóò nù ún, tí yóò sì dá a padà kí ìlà ara bọ́ọ̀lù náà kọjú sí ibi tó yẹ kó gbà. Láti 2019 ni òfin ti gba kádì láàyè láti gbé bọ́ọ̀lù lórí gríìnì láìtọrọ àṣẹ, nítorí náà kò sí aburú nínú apá yìí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ òṣèré fúnra rẹ̀ ló gbé bọ́ọ̀lù, òun nìkan ló lè dá a padà. Bí kádì bá dá a padà tí òṣèré sì gbá a bẹ́ẹ̀, ìgbá ìtanràn kan, ìyẹn iye kan tí a fi kún àròpọ̀ rẹ̀, ti di tirẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò ju ọwọ́ ẹni tó kọ́kọ́ kan bọ́ọ̀lù lọ, ọ̀pọ̀ òṣèré ni kò sì mọ̀ pé ó wà rárá. Ní 2019 kan náà ni òfin kà á léèwọ̀ fún kádì láti máa dúró sẹ́yìn òṣèré nígbà tó bá ń to ẹsẹ̀ rẹ̀ láti gbá bọ́ọ̀lù, àṣà tó wọ́pọ̀ gan-an kí èèwọ̀ náà tó dé.

Ọ̀rọ̀ agboòrùn náà ní tirẹ̀. Kò sí ohun tó burú bí kádì bá da agboòrùn bo òṣèré bí wọ́n ṣe ń rìn lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ṣì dà á bò ó nígbà tí ọ̀pá ń lọ bá bọ́ọ̀lù, ìgbá ìtanràn méjì ni nínú ìdíje tí a ti ń ka àpapọ̀ ìgbá. Àwọn olówó kan tún máa ń gba ju kádì kan lọ, kí ọ̀kan máa gbé àpò, kí èkejì máa di agboòrùn mú. Òfin kò mọ ju kádì kan lọ fún òṣèré kan lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú eré ìgbafẹ́ ni irú ọlá bẹ́ẹ̀ ti lè kọjá láìní ìjìyà.

Nígbà òjò, láti nǹkan bí oṣù Karùn-ún dé oṣù Kẹwàá, gbígbé bọ́ọ̀lù kúrò nínú ẹrọ̀fọ̀ ni àṣà tó gbilẹ̀ jù. Òfin àgbáyé fún ìgbìmọ̀ láàyè láti ṣe òfin abẹ́lé kan tó jẹ́ kí òṣèré gbé bọ́ọ̀lù, kí ó nù ún, kí ó sì gbé e sí ibi tó sàn ní tòsí, ní ìwọ̀n tí ìgbìmọ̀ bá là kalẹ̀, tí ó lè jẹ́ gígùn káàdì àkọsílẹ̀ eré. Ojú ọ̀nà tí a ti gé koríko sílẹ̀ nìkan ni àyè náà wà fún. Ní ìṣe, àwọn òṣèré ń mú un wọnú koríko gíga, wọ́n ń mú un dé ẹ̀bá gbòǹgbò igi, wọ́n sì ń lò ó nínú ọ̀gbẹlẹ̀ nígbà tí ìgbìmọ̀ ti fagi lé e. Kádì gan-an ni ó sábà máa ń fi ẹsẹ̀ tún bọ́ọ̀lù ṣe, nítorí pé ó ka ìrọ̀rùn àlejò rẹ̀ sí ara iṣẹ́ rẹ̀, òṣèré tí kò bá tètè sọ̀rọ̀ sì ti gba ohun tí kò tọrọ.

Ohun tó wà nídìí ìwà yìí ni èrò kan tí àwọn ará Tháílándì ń pè ní kreng jai, ìyẹn pé kí ènìyàn máa ro ti ẹlòmíràn, kí ó má sì la ojú sílẹ̀ dójú ti ẹnì kejì. Nítorí rẹ̀ ni a fi máa ń sọ fún òṣèré tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ kù díẹ̀ kó wọ ihò pé kí ó gbé e, ó ti wọlé. Òfin gba irú ìyọ̀ǹda bẹ́ẹ̀ nínú ìdíje ojúkojú, níbi tí ẹni méjì ti ń bá ara wọn du ihò kọ̀ọ̀kan. Nínú ìdíje àpapọ̀ ìgbá, ẹni tí kò bá gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ wọlé, tí kò sì tún un ṣe kó tó bẹ̀rẹ̀ ihò tó kàn, yóò kúrò nínú ìdíje. Bákan náà ni Mulligan, ìyẹn gbígbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé èkíní kò dára, kò sí ní ojú ìwé kankan nínú òfin, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wọ́pọ̀ ní ihò kìíní.

Iye ènìyàn tó ń jọ gbá náà ń fa ọ̀rọ̀. Ẹni mẹ́rin ni àwọn àlejò mọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ kan, ṣùgbọ́n àwọn pápá kan ní Tháílándì ń gba ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà láàárín ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú kádì márùn-ún tàbí mẹ́fà. Òfin fi èyí sílẹ̀ fún ìgbìmọ̀ pápá. Lẹ́yìn ihò mélòó kan, wọ́n a yà sínú sala, ìyẹn àtíbàbà tí a ti ń ta oúnjẹ àti ohun mímu, àlejò tó ń wo aago rẹ̀ níbẹ̀ kò tíì mọ ibi tó wà. Ìdúró mìíràn tí kò sí àríyànjiyàn lé lórí ni ti mànàmáná: bí fèrè ìkìlọ̀ bá dún, gbogbo òṣèré gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀, kódà bí bọ́ọ̀lù bá ku ìka kan kó wọ ihò.

Ní ti ejò olóró, òfin fara mọ́ ìbẹ̀rù àwọn kádì, nítorí ó jẹ́ kí òṣèré kúrò nítòsí ẹranko eléwu láìsí ìtanràn. Bọ́ọ̀lù tó bá sọnù ní ìṣẹ́jú mẹ́ta péré fún wíwá, márùn-ún ni tẹ́lẹ̀ kó tó di 2019, àwọn tó sì ti dàgbà sínú eré náà ṣì ń ka márùn-ún.

Ní Pattaya, àwọn àjèjì tó ń gbé ibẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀, tí wọ́n ń fi ìlànà Stableford díje. Frank Stableford ló gbé e kalẹ̀. Àmì ni ó ń fúnni lórí ihò kọ̀ọ̀kan, ẹni tí eré rẹ̀ bá bàjẹ́ ní ihò kan kò sì pàdánù ju ihò náà lọ. Láàárín wọn ni ìwé òfin ti le jù, bóyá nítorí pé ọjọ́ gbogbo ni wọ́n ń díje. Ẹni tó bá fẹ́ bá wọn gbá, tàbí tó bá fẹ́ mọ èyí tí í ṣe òfin abẹ́lé nínú gbogbo ohun tí kádì rẹ̀ bá sọ fún un, kí ó yí káàdì àkọsílẹ̀ rẹ̀ padà kí ó tó gbá bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń tẹ òfin abẹ́lé sí.