Fúláwà Abidjan, Èédú Èjìgbò

Kí fúláwà tó wọ Èjìgbò ni ẹnu wa ti mọ adùn. Àwọn ìyá wa ń fi epo pupa po ìyẹ̀fun àgbàdo yíyan di ààdùn, wọ́n ń din kókóró, àwọn ọkùnrin sì ń ti oko gbé oyin bọ̀. Tí ọdún Òrìṣà Ògìyán bá dé, tí ìhà méjèèjì ìlú bá ti fi pàṣán àtòrì na ara wọn tán, iyán ni oúnjẹ ọjọ́ náà, torí òun ni òrìṣà tó ni ìlú fẹ́ràn jù. Bisikíìtì kò sí níbẹ̀ rárá. Síbẹ̀, ẹ wo àwo tí wọ́n ń gbé káàkiri níbi ìsọmọlórúkọ láàárín àwọn ará ilé wa lónìí. Ẹ ó rí bisikíìtì pẹlẹbẹ, funfun, rírọ̀, tí ṣúgà dídì bo orí rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ sọ fún mi pé inú fóònù ni wọ́n ti kọ́ ọ, pé àwọn ará Amẹ́ríkà ló ni ín. Mo ní kí n kọ ìtàn rẹ̀ sílẹ̀ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, nítorí àwọn obìnrin ilé wa ti ń yan án kí fóònù alágbèéká tó dé, inú mi kò sì dùn pé a fẹ́ gbé iṣẹ́ ọwọ́ wọn fún ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Ojú irin tó kúrò ní Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907. Ó gba Ìwó, ó gba Ẹdẹ, ó yà Èjìgbò sílẹ̀. Àwọn baba wa ló rìn lọ bá a. Wọ́n di ẹrù wọn, wọ́n wọkọ̀ dé Èkó, wọ́n lọ sí Gold Coast, tó di Gánà lónìí, títí wọ́n fi wọ Côte d'Ivoire tí àwọn Faransé ń ṣàkóso. Abidjan di olú-ìlú ibẹ̀ ní 1934. Nígbà tí wọ́n la ọ̀nà omi Vridi láti òkun wọ Abidjan tán ní 1950, tí ọkọ̀ òkun ńlá ń wọ èbúté, ọjà gbèrú, àdúgbò Treichville àti Adjamé ní Abidjan sì kún fún àwọn èèyàn wa, tí àwọn onílé ń pè ní Ànàgó. Ní oṣù kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn kúrò ní Gánà. Àbúrò bàbá mi wà lára àwọn tó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ níbẹ̀. Kò padà sílé. Abidjan ló gbà lọ.

Treichville ni wọ́n bí mi sí. Ìyá mi ń ta aṣọ àti ohun èlò wẹ́wẹ́ lọ́jà, ṣùgbọ́n alẹ́ ọjọ́ Sátidé ni mo rántí jù, torí alẹ́ yẹn ni wọ́n máa ń po ìyẹ̀fun. Aládùúgbò wa kan, obìnrin ará Dàhòmì tó ti dáná fún ìdílé Faransé kan, ló kọ́ wọn. Bọ́tà, ṣúgà, ẹyin, fúláwà, àti fanílà inú báàgì bébà kékeré. Bisikíìtì tí obìnrin yẹn ń ṣe máa ń rún wómúwómú lẹ́nu. Ìyá mi kò fẹ́ èyí tó ń rún. Wọ́n ní àwọn àgbàlagbà tí eyín wọn ti yọ náà ní láti rí nǹkan jẹ, nítorí náà wọ́n dín bọ́tà kù, wọ́n fi mílíìkì díẹ̀ sí i, wọ́n sì ń gbé e kúrò lórí iná nígbà tí àárín rẹ̀ ṣì funfun. Bí ẹ bá dúró kí gbogbo rẹ̀ pọ́n, ó ti le nìyẹn.

Nígbà tí a padà sí Èjìgbò, kò sí ohun tó ń jẹ́ ófùnù nílé wa. Àwọn alábúrẹ́dì ní ààrò amọ̀ ńlá tí wọ́n ń fi igi dá, ẹni tó bá fẹ́ yan nǹkan díẹ̀ fún ilé kò sì lè yá a. Yanrìn ni wọ́n ń lò. Ìyá mi a bu yanrìn odò, wọn a fọ̀ ọ́, wọn a sá a títí tí kò fi ní ọ̀rinrin kankan mọ́. Wọn a dà á sí ìsàlẹ̀ ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọn a gbé ìkòkò ka iná èédú títí yanrìn náà yóò fi gbóná dọ́gba. Àwo táńganran tí wọ́n to bisikíìtì sí ni wọ́n ń gbé lé orí yanrìn, wọn a dé ìkòkò, wọn a sì kó ẹ̀ṣẹ́ná díẹ̀ sórí ọmọrí. Iná ìsàlẹ̀ ń sè é, iná òkè ń mú ojú rẹ̀ gbẹ. Èédú orí ọmọrí ni iṣẹ́ wà. Tó bá pọ̀ jù, ojú bisikíìtì á sán. Tó bá kéré jù, á rì wọ àwo bí àmàlà tí kò jinná. Ọwọ́ ni ìyá mi fi ń díwọ̀n ooru náà: wọn a nà án sókè ìkòkò, wọn a sì mọ̀.

Ti ṣúgà orí rẹ̀ wá ńkọ́? Ṣúgà lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń tà nínú páálí ṣọ̀wọ́n. Ṣúgà onígun St. Louis ni a ń gún nínú odó kékeré, a ó sì fi asẹ́ ògì jọ̀ ọ́, kí èyí tó kúnná nìkan ṣẹ́ kù. Wọn a fi funfun ẹyin kan àti omi ọsàn wẹ́wẹ́ lù ú títí yóò fi dúró lórí ṣíbí láìṣàn. Bí wọ́n bá fẹ́ kó pupa, omi ìṣápá ni. Ìṣápá yìí kan náà ni wọ́n ń pè ní bissap ní Abidjan, tí wọ́n ń mu ún tútù, nítorí náà ọwọ́ ìyá mi ti mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo ti rí àwọ̀ inú ìgò tó pupa ju bẹ́ẹ̀ lọ. N kò tíì rí èyí tó dára tó o.

Ẹnì kan ṣì kù tí ìtàn yìí kò gbọdọ̀ fò dá. Ògbómọ̀ṣọ́ kò jìnnà sí wa, àwọn Baptist láti ìhà gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sì ti wà níbẹ̀ láti ìgbà ajíhìnrere Bowen ní 1855. Ìyá àgbà kan ní agbolé wa ti bá wọn dáná nígbà èwe rẹ̀. Nígbà tó tọ́ ti ìyá mi wò, ó yìn ín, ó sì ní kí wọ́n fi mílíìkì inú agolo sílẹ̀, kí wọ́n ra wàrà kíkan lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní, kí wọ́n sì fi sódà díẹ̀ sí i. Kíkan wàrà náà ló ń ru sódà sókè, òun náà ló ń mú kí ìyẹ̀fun rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni wàrà kíkan àti sódà ti wà nínú bisikíìtì ilé wa. Nítorí náà, Amẹ́ríkà ní ọwọ́ nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé ìdáná Ògbómọ̀ṣọ́ ló gbà wọlé.

Ní 1987, ìjọba Babangida fòfin de àlìkámà láti òkè òkun, èyí tí wọ́n ń lọ̀ di fúláwà. Ọdún márùn-ún ni òfin náà fi wà, títí di 1992. Ẹni tó bá dàgbà nígbà náà yóò rántí bí búrẹ́dì ṣe kéré tí owó rẹ̀ sì ga, àti bí àwọn alábúrẹ́dì ṣe ń fi àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ lú fúláwà. Fúláwà ń gba ẹnubodè Bẹ̀nẹ̀ wọlé ní kọ̀rọ̀. Àwọn ìyá tó ń ti Abidjan bọ̀, tí wọ́n gba Noé, Accra, Lomé àti Kútọnu kí wọ́n tó dé Sèmè, máa ń fi díẹ̀ sáàárín aṣọ. Agolo mílíìkì ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n fún ara wọn nílé wa, bí ẹni ń pín oògùn. Ọ̀wọ́n yìí ló mú kí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ògì gbígbẹ sí i, èyí tí wọ́n sá tí wọ́n sì lọ̀ kúnná. Bisikíìtì náà tún rọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ! Ògì kò ní ohun tó ń fà bí àlìkámà ṣe ní in, kò sì jẹ́ kí ìyẹ̀fun yi. Nígbà tí òfin kásẹ̀ nílẹ̀, wọn kò yọ ògì kúrò mọ́.

Ní oṣù kìíní 1994, wọ́n já owó CFA wálẹ̀: 50 ló ń jẹ́ fránkì Faransé kan, ó di 100 lójijì. Bọ́tà Abidjan di ọ̀wọ́n, ó kúrò nínú bisikíìtì wa, bọ́tà inú agolo láti ọjà Èjìgbò rọ́pò rẹ̀. Ogun bẹ́ sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire ní 2002, ìjà ìdìbò tẹ̀ lé e ní 2010 sí 2011, àwọn ìbátan wa sì kó àwọn ọmọ tó gbọ́ Faransé ju Yorùbá lọ wálé. Àwọn obìnrin tó padà wálé yìí kò ní oko, kò sí iṣẹ́ ìjọba fún wọn. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n gbé lé tábìlì: àṣẹ́kẹ́ tí wọ́n ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe, gbofloto tí wọ́n ń fi fúláwà dín, àti bisikíìtì. Ohun tí a ti ń fún àlejò lọ́fẹ̀ẹ́ di ọjà nìyẹn, mo sì bá wọn yọ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ọgbà Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun tó wà níhìn-ín ń wá bá mi báyìí láti kọ́ bisikíìtì náà. Gáàsì ni wọ́n ń lò, ó sì dára bẹ́ẹ̀, èéfín èédú kò ṣe ojú ìyá mi lóore. Ṣùgbọ́n láti 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, fúláwà tún ti di ohun tí a ń rò lẹ́ẹ̀mejì kí a tó rà, wọ́n sì ń béèrè ohun tí wọ́n lè fi dín in kù. Mo ń sọ fún wọn: fúláwà agolo mẹ́ta, ògì gbígbẹ agolo kan, ṣúgà agolo kan, wàrà kíkan ìdajì agolo. Kí wọ́n jọ fúláwà àti ògì pọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí omi tó kàn wọ́n.