Bí Wọ́n Ṣe Ń Sọ Gáàsì Olóró Di Imí Ọjọ́

Gáàsì kan wà tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní háídrójìn sọ́fáìdì. Kò ní àwọ̀, ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, òórùn rẹ̀ sì dà bíi ti ẹyin tó ti bàjẹ́. Ó sábà máa ń wà nínú epo rọ̀bì àti gáàsì abẹ́ ilẹ̀. Ewu rẹ̀ ni pé bó bá pọ̀ níbì kan, imú kì í gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Ẹni tó rò pé ó ti lọ lè ṣubú lulẹ̀, kó sì kú. Bí wọ́n bá sì sun ún dànù lásán, èéfín rẹ̀ a máa sọ òjò di ásíìdì.

Carl Friedrich Claus, onímọ̀ kẹ́mísírì tó ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló gba ìwé àṣẹ ní ọdún 1883 lórí ọgbọ́n tí a fi ń yọ imí ọjọ́ nínú rẹ̀. Ó da gáàsì náà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́, ó sì mú un gba orí kátálísìtì kọjá. Iṣẹ́ alárenà ni kátálísìtì ń ṣe: òun ló ń mú ọkọ àti ìyàwó pàdé, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni wọ́n ń gbé níyàwó, bó bá ṣe ti àwọn wọ̀nyí tán, á tún lọ ṣe ti ẹlòmíràn. Irin tó para pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, ìbátan ìpáàrà tí à ń rí lára àdá, wà lára ohun tí Claus lò.

Ní 1936, ilé-iṣẹ́ IG Farben ní Jámánì tún ọgbọ́n náà ṣe. Wọ́n á kọ́kọ́ sun ìdá kan nínú mẹ́ta gáàsì náà nínú ìléru tí ooru rẹ̀ ń ju 1,000 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí tó jóná á pàdé èyí tó kù, wọn á sì di imí ọjọ́ àti omi. Ohun tí ìléru kò bá parí di ọwọ́ kátálísìtì: àwọn hóró alumíná, ìyẹn alumíníọ̀mù tó para pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, tí ihò wẹ́wẹ́ kún ara wọn.

Ibi tí iṣẹ́ náà ti le nìyí. Bí ooru bá pọ̀ jù lórí kátálísìtì, gáàsì púpọ̀ kò ní yí padà. Bó bá sì dín jù, imí ọjọ́ á di olómi, á sì dí àwọn ihò náà. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń pín in sí ìpele méjì tàbí mẹ́ta, tí wọ́n sì ń fa imí ọjọ́ kúrò lẹ́yìn ìpele kọ̀ọ̀kan. Síbẹ̀, díẹ̀ a máa ṣẹ́ kù. Ní 1988, ní Jámánì kan náà, irin tún padà sẹ́nu iṣẹ́: wọ́n fi kátálísìtì onírin sí ìpele ìkẹyìn, kó lè fi afẹ́fẹ́ sọ àṣẹ́kù náà di imí ọjọ́ tààrà.

Ìlú Lacq ní ilẹ̀ Faransé jẹ́ ẹ̀rí. Gáàsì tí wọ́n rí níbẹ̀ ní 1951 ní nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún háídrójìn sọ́fáìdì. Láti 1957 ni wọ́n ti ń yọ imí ọjọ́ nínú rẹ̀, èyí sì sọ Faransé di ọ̀kan nínú àwọn tó ń pèsè rẹ̀ jù lọ láyé nígbà náà.

Lónìí, inú epo rọ̀bì àti gáàsì ni èyí tó pọ̀ jù nínú imí ọjọ́ ayé ti ń wá. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ásíìdì tí wọ́n ń lò láti ṣe ajílẹ̀. Ohun tí ì bá pa ènìyàn ló wá di ohun tó ń bọ́ irè oko.