Ààrẹ Nàìjíríà àti Ààlà Agbára Rẹ̀

Ìwé òfin ọdún 1979 ló kọ́kọ́ fi àkóso Nàìjíríà sí ọwọ́ ààrẹ tí ará ìlú dìbò yàn. Ti ọdún 1999 sì tẹ̀ lé ìlànà náà. Méjèèjì fi ilé aṣòfin, ilé ẹjọ́ àti ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe ìjánu fún un. Ààrẹ tí ìjánu bá dí lọ́nà lè wá alábàáṣe, ó lè fi nǹkan falẹ̀, ó sì lè gbà fún òfin.

Shagari (1979–1983)

Nínú ìbò 1979, ẹgbẹ́ NPN ti Shehu Shagari rí ìjókòó 36 péré nínú 95 ní ilé aṣòfin àgbà, àti 168 nínú 449 ní ilé aṣojú-ṣòfin. Àgbájọ ọwọ́ ló fi sọ̀yà: ó bá ẹgbẹ́ NPP ti Nnamdi Azikiwe ṣàdéhùn, ìjókòó wọn sì di 52 àti 246. Àdéhùn náà fọ́ ní 1981. Lọ́dún yẹn, ìpínlẹ̀ Bendel pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì wọ́gi lé òfin ìpín owó tí Shagari ti buwọ́ lù. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin ló tún padà sí ní 1982 fún òfin tó dín ọjà òkèèrè kù.

Ọbásanjọ́ (1999–2007)

Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ kọ̀ láti buwọ́ lu òfin àjọ NDDC, àjọ ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta. Ní 2000, àwọn aṣòfin fi ìdá méjì nínú mẹ́ta ìbò borí rẹ̀. Ó tún di owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó mú nígbà tí Gómìnà Bọ́lá Tinúbú dá ìjọba ìbílẹ̀ tuntun 37 sílẹ̀. Ní Oṣù Kejìlá 2004, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kò láṣẹ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ìjọba Ààrẹ Yar'Adua, tó tẹ̀ lé tirẹ̀, ló san ìyókù owó náà ní 2007.

Ní 16 Oṣù Karùn-ún 2006, ilé aṣòfin àgbà da àtúnṣe ìwé òfin tí ì bá ṣínà fún sáà kẹta nù. Ken Nnamani, ọmọ ìpínlẹ̀ Enugu, ló wà lórí àga ààrẹ ilé náà. Ọbásanjọ́ gbà, ó sì gbé ìjọba sílẹ̀ ní 29 Oṣù Karùn-ún 2007.

Òfin pàjáwìrì

Abala 305 ìwé òfin 1999 fún ààrẹ láyè láti kéde pàjáwìrì, bí ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin bá fọwọ́ sí i. Ọbásanjọ́ fi gómìnà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní Plateau (2004) àti Èkìtì (2006). Tinúbú, tó ti di ààrẹ, ṣe bẹ́ẹ̀ ní Rivers (2025). Ààrẹ Goodluck Jonathan ní tirẹ̀ fi àwọn gómìnà Borno, Yobe àti Adamawa sílẹ̀ lórí oyè nígbà tó kéde pàjáwìrì níbẹ̀ ní 2013.