John Slaton, gómìnà tí kò fọwọ́ sí ikú

1/ Ẹ wá gbọ́ ìtàn yìí. Lọ́dún 1913, ní Georgia, Amẹ́ríkà, wọ́n dájọ́ ikú fún Leo Frank, Júù tó ń darí iléeṣẹ́ pẹ́ńsù, pé ó pa Mary Phagan, ọmọ ọdún 13.

2/ Gómìnà Slaton tú ìwé ẹjọ́ náà wò fínnífínní. Ẹ̀rí ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. June 1915, ó ku ọ̀la kí wọ́n yẹgi fún Frank, ó sọ ọ́ di ẹ̀wọ̀n gbére.

3/ Lèrò bá ya lọ sílé ẹ̀! Sójà ló gbà á. Ní August, wọ́n jí Frank gbé lẹ́wọ̀n, wọ́n so ó rọ̀ sórí igi.

4/ Slaton ò wọlé ìbò kankan mọ́. 1986 ni Georgia ṣẹ̀ṣẹ̀ dárí ji Frank. Síbẹ̀, mo gba tiẹ̀: ìbò á lọ, ìbò á bọ̀, ẹ̀mí tó bá lọ, ó lọ nìyẹn.