Ọ̀rọ̀ Ẹ̀yà Nínú Ìṣèlú: Àríyànjiyàn Ọdún 1948 àti Ẹ̀rí Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà àti Òṣogbo

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni bóyá ó tọ́ láti pe ọ̀rọ̀ ìṣèlú tí ó gbé ara lé ìran ní ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà tàbí ti fáṣíìsì. Àríyànjiyàn náà ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1948, West African Pilot, ìwé ìròyìn Nnamdi Azikiwe, pe Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà ní ẹgbẹ́ fáṣíìsì, ó sì ní àfi kí a tú u ká pátápátá.

Lọ́ńdọ̀nù ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1945. Ilé-Ifẹ̀ ni wọ́n ti ṣí i ní gbangba ní 1948, Sir Adéyẹmọ Alákijà sì ni ààrẹ rẹ̀. Ìṣọ̀kan àti ẹ̀kọ́ ọmọ Yorùbá ni wọ́n ní àwọn ń wá. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ di 'tiwa' àti 'tiwọn' ní Èkó, débi pé àwọn alágídí ìhà méjèèjì ń ra àdá lọ́jà. Ní 1949, Azikiwe fúnra rẹ̀ sọ fún ẹgbẹ́ àwọn Ìgbò pé Ọlọ́run Áfíríkà ló yan ìran Ìgbò láti kó àwọn ọmọ Áfíríkà jáde kúrò nínú ìgbèkùn. Ẹni tí ó kọ́kọ́ fẹ̀sùn kan ẹlòmíràn kò ṣàì ní tirẹ̀ lọ́rùn.

Ní tiwa, orúkọ fáṣíìsì kò bá a mu. Ìṣèlú tí Mussolini gbé dórí àlééfà ní Ítálì ní 1922 pa gbogbo ẹgbẹ́ mìíràn rẹ́, ó sì ju alátakò sẹ́wọ̀n. Ọwọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba wà ní Nàìjíríà ní 1948. Kò sí ẹni tí Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà lè fòfin dè. Ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Nínú èdè wa, 'ẹ̀yà' kan náà ni a ń lò fún funfun àti dúdú, fún Yorùbá àti Ìgbò. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò lè fi jíjẹ́ aláwọ̀ kan náà gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Ìbéèrè ibẹ̀ ni pé: ṣé ìran nìkan ni yóò pinnu ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ọ̀rọ̀ ìlú?

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni a ti rí ẹ̀rí tí ó lágbára jù. Ta ni yóò fi Odùduwà han àwọn Ìjẹ̀ṣà? Ìtàn wọn ni pé Ọwá Obòkun ló bu omi òkun wá láti fi wo ojú Odùduwà sàn. Síbẹ̀, àwọn náà ni wọ́n bá Ìbàdàn ja ogun Kírìjì, tí Ògèdèǹgbé ṣe balógun Èkìtìparapọ̀, títí a fi tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà ní 1886. Láyé ìgbà náà, Ọ̀yọ́ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní Yorùbá. Òṣogbo ńkọ́? Ìtàn ní Láróòyè tí ó tẹ̀ ẹ́ dó wá láti Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ṣùgbọ́n ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún kó àwọn ará Ọ̀yọ́ kún ibẹ̀. Rélùwéè tí ó dé ní 1907 tún kó àwọn oníṣòwò mìíràn wá. Onílé wo, àlejò wo?

Nígbà tí àwọn aṣáájú ẹgbẹ́ yìí dá Action Group sílẹ̀ ní 1951, NCNC ti Azikiwe ni ó ta gbòǹgbò ní Iléṣà àti Òṣogbo. J. O. Fádáhùnsi, ọmọ Iléṣà, wà lára àwọn aṣáájú rẹ̀. Nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954, NCNC ni ó borí ní Ìwọ̀-Oòrùn. A kò sọ pé ìfẹ́ Ìgbò ló mú wọn dìbò bẹ́ẹ̀. Ìjà oyè àti ọ̀ràn owó-orí kò ṣàìsí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò gbà kí orúkọ Odùduwà dìbò fún wọn.

Ní oṣù kẹta ọdún 2023, kí ìdìbò gómìnà tó wáyé ní Èkó, irú ọ̀rọ̀ yẹn tún gbòde: wọ́n ní kí àwọn Ìgbò jókòó sílé. Àwọn kan pè é ní fáṣíìsì, àwọn kan ní òṣèlú lásán ni. Ó yẹ kí àwọn tí bàbá-bàbá wọn ṣe òṣómàáló ronú sí i. Àwọn Ìjẹ̀ṣà wọ̀nyẹn ru aṣọ àwìn káàkiri ìlú onílùú, ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn sì ni wọ́n ń lóṣòó sí títí wọn yóò fi gba owó wọn.